Ọta wo ló pa ẹran ìgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ rà? Ìbéèrè tó yẹ kí olóúnjẹ bi ọdẹ kó tó sanwó

Bí oníbàárà bá jókòó sílé oúnjẹ, tó ju ègé ẹran ìgbẹ́ sẹ́nu, tí nǹkan líle kan sì dún láàárín eyín rẹ̀, ohun méjì ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ó lè tu ọta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kó rẹ́rìn-ín, kó ní ẹ̀rí nìyẹn pé ẹran ìgbẹ́ gidi ni ìyá olóúnjẹ ń tà, kì í ṣe ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi èéfín kùn. Ó sì lè gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kó figbe ta pé eyín òun ti kán, kó dìde láìsanwó, kó sì ròyìn ibẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Àwọn tó ń ta oúnjẹ l'Ékòó mọ méjèèjì dáadáa. Ẹ̀kẹta ni wọn kì í sábà rò, ìyẹn èérún ọta tí eyín kò bá pàdé, tí ojú kò rí, tó bá ọbẹ̀ wọlé, tí oníbàárà gbé mì, tó sanwó rẹ̀, tó tún dúpẹ́ kó tó lọ.

Gbogbo ẹni tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n bóyá ni àdúgbò míì wà tó kàn tó Ìdí-Àràbà. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá LUTH wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ibẹ̀ náà sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó. Lójú títì Ìṣàgá àti àwọn òpópónà tó yí i ká, awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń wá oúnjẹ rà. Aláboyún tó wá gba ìtọ́jú, ìyá tó pọn ọmọ dání, ẹbí aláìsàn tí kò mọ ìgbà tí wọn máa padà sílé, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ráyè dáná, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ jẹun. Aláboyún àti ọmọdé tó wà láàárín wọn sì ni àwọn tí ọta olójé lè ṣe ní jàǹbá jù lọ, bí olóúnjẹ kò tiẹ̀ mọ̀.

Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ tó ń ra ẹran ìgbẹ́ máa ń béèrè irú ẹran tó jẹ́, wọ́n máa ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n máa ń tẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń ná an títí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń bi ọdẹ pé, "Bàbá, kí lẹ kì síbọn tẹ́ ẹ fi pa á?" Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló máa sọ iye ẹran tó ṣeé tà lára èyí tí wọ́n fẹ́ẹ́ rà.

Ẹran tó ń wọ Èkó láti ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, láti igbó Ìjẹ̀bú àti láti Aṣèjìrẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, ẹtu wà níbẹ̀, ọ̀yà ló sì pọ̀ jù. Ká tún ohun kan ṣe níbí kó má baà da ọ̀rọ̀ rú: ẹran tí òyìnbó ń pè ní deer kò sí nínú igbó wa rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbọ̀nrín la máa ń pè é tá a bá ń túmọ̀ ìwé wọn. Ìwo ti deer máa ń wó dànù lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù. Ti àgbọ̀nrín wa kì í wó, nítorí pé ẹbí màlúù àti ewúrẹ́ lòun. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìbọn, ìṣòro kan náà ni wọ́n jẹ́ fún ọdẹ: ẹran ńlá tó mọ̀ ọ́n sá, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ṣubú kíákíá, láìjẹ́ pé ara rẹ̀ fọ́ yánkan-yànkan.

Ìbọn méjì ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú ẹran tó ń dé ọjà wa. Àkọ́kọ́ ni ṣakabùlà, èyí tí òyìnbó ń pè ní Dane gun nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Denmark wà lára àwọn tó ń kó irú rẹ̀ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé ijọ́un. Ẹnu ìbọn ni ọdẹ ti ń ki í. Ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á fi nǹkan dí i, ọta á wá tẹ̀ lé e. Kò sí iléeṣẹ́ kankan tó bá ọdẹ wọn ọta yìí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dì í, ojú ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Ohun tó bá rí ló ń lò: irin wẹ́wẹ́, ìdí ìṣó, àwọn ọta róbótó tí wọ́n tú jáde lára ẹsẹ̀ mọ́tò, tàbí òjé tí wọ́n yọ́. Òjé yìí pọ̀ káàkiri, torí pé inú gbogbo bátìrì mọ́tò tó ti kú ló wà.

Ìkejì ni ìbọn oníkátíríìjì, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Iléeṣẹ́ ló dì í wá, nítorí náà lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó wà lára kátíríìjì ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. SSG máa ń ní ọta ńlá bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. AAA ní bí ogójì tó kéré sí ìyẹn. Tó bá di nọ́ńbà 4, ọta inú rẹ̀ lé ní 150, wẹ́wẹ́ bí èso ata. Òjé ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọdẹ tó bá ń wá àgbọ̀nrín ló yẹ kó mú SSG lọ, èyí tó bá ń wá ọ̀yà ló yẹ kó mú ọta wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n òru ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó bá ẹran dá àdéhùn. Ohun tó bá wà lẹ́nu ìbọn nígbà tí iná orí bá tan mọ́ ojú ẹran ni wọ́n máa yìn. Bí ọdẹ tó ki ọta wẹ́wẹ́ bá pàdé àgbọ̀nrín, kò ní sọ pé kó dúró kóun pààrọ̀ ọta. Ẹran náà lè ṣubú, ó sì lè gbé ọta sá lọ kó tó kú síbòmíràn, kí wọ́n tó rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ náà ń dé ọjà.

Ó yẹ ká ro ti ọdẹ mọ́ ọn. Kátíríìjì kan tó bá tàsé, owó ló lọ yẹn. Nítorí ìdí èyí, ọta tó pọ̀, tó sì fọ́nká, máa ń fi ọkàn ọdẹ balẹ̀ ju ọta kan ṣoṣo lọ, torí bí mẹ́wàá bá tàsé, márùn-ún á bà á. Fún ẹni tó wà nínú igbó lóru, ìṣirò yìí tọ̀nà. Ẹni tó máa gbé ẹran náà kaná l'Ékòó ló ń gbé àdánù rẹ̀.

Àwọn tó ti rin ọ̀rọ̀ yíyan ọta yìí jìnnà jù lọ láyé ni àwọn ọdẹ deer nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì dáa kéèyàn wo ibi tí wọ́n bá a dé, torí okòwò wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa òjé náà sì wà níbẹ̀. Ráífù ni wọ́n ń lò jù, ìbọn tí ọta rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì ń sáré ju ọta kátíríìjì lọ fíìfíì. Ọta tí wọ́n bá yìn, agolo idẹ rẹ̀ kì í di pàǹtí. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló máa ń ṣà á, tí wọ́n á gbé e délé, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tún un dì fúnra wọn. Wọ́n ní ó dín owó kù, ṣùgbọ́n ìdí tó lágbára jù ni pé ọdẹ náà lè yan ohun tó bá ìbọn àti ẹran tó ń wá mu: bí ọta ṣe máa wúwo tó, irú irin tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe máa ya nígbà tó bá wọnú ẹran. Àwọn míì á yìn ín sára bébà títí, wọ́n á máa kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò.

Àwọn oníṣòwò kéékèèké ló kọ́kọ́ rí owó nínú àṣà yìí. Ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì mú kí ọta ṣọ̀wọ́n lọ́jà, Fred Huntington bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọta ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ bàbá rẹ̀ nílùú Oroville ní California. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ RCBS ti jáde. Ní 1949, Joyce Hornady dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Grand Island, ìpínlẹ̀ Nebraska. Ti John Nosler ló yẹ kí oníṣòwò fetí sí jù. Iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọkùnrin yìí ń ṣe. Ní 1946, ó lọ dẹ ìgbẹ́ ní Kánádà, ó sì yìnbọn lu ẹran ńlá kan tí wọ́n ń pè ní moose, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ ń fọ́ sára ẹran náà láìwọlé dé ibi tó yẹ. Nígbà tó padà délé, ó ṣe ọta tuntun tó ní ògiri láàárín, tí iwájú rẹ̀ máa ń ya, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fọ́. Ó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1948, iléeṣẹ́ náà sì wà títí di òní.

Ohun tí Nosler ń sá fún ni pé kí ọta má fọ́ kó tó pa ẹran. Kò tíì sí ẹni tó ń ronú nígbà náà nípa ibi tí èérún tó fọ́ ń lọ. Ó di 2008 kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó bú jáde, ẹran tí wọ́n fi tọrẹ ló sì tú àṣírí rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ North Dakota, àwọn ọdẹ máa ń fi ẹran deer ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Dókítà kan níbẹ̀, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, kó páálí ẹran lílọ̀ bí 100, ó sì gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Ju ìdajì wọn lọ ló ní èérún irin nínú. Òjé ni. Àwọn aláṣẹ ìlera ní kí wọ́n da ẹran tó wà nílẹ̀ nù, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí aláboyún àti ọmọdé má jẹ ẹran tí wọ́n fi ọta olójé pa.

Ariwo gba ìlú. Àwọn ọdẹ ní ìdìtẹ̀ ni, pé àwọn bàbá àwọn jẹ ẹ́ tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan. Kí ìpínlẹ̀ Minnesota lè mọ òótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yìn oríṣiríṣi ọta sára òkú àgùntàn lọ́dún kan náà, wọ́n sì yà wọ́n ní àwòrán. Wọ́n rí i pé èérún òjé ń rìn jìnnà sí ojú ọgbẹ́ ju bí ọdẹ ṣe rò lọ, ó sì kéré débi pé ojú àti ọwọ́ kò lè rí i. Ọta ráífù tó ń sáré tó sì tètè ń ya ló burú jù. Ọta ńlá tí kì í sáré púpọ̀, irú èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu ìbọn, kò fọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí olóúnjẹ gbọ́ jù níbẹ̀ ni ti omi: fífọ ojú ọgbẹ́ kò mú òjé kúrò, ńṣe ni omi ń gbé e lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ká má bù mọ́ ọn. Àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 738 wò ní North Dakota, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́ sì ga díẹ̀ ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Díẹ̀ ni. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí tirẹ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n ń kà sí ewu lásìkò yẹn. Àmọ́ ìwọ̀n ọ̀hún gan-an ni àwọn onímọ̀ ti sọ kalẹ̀ látìgbà náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ara téèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu, pé òjé tí ọmọdé ń fà sínú ara nínú ohun tó bá gbé mì sì máa ń tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Inú eegun ló ń sápamọ́ sí, tí obìnrin bá sì lóyún, ó lè jáde láti inú eegun ìyá dé ara ọmọ inú. Kì í ṣe àìsàn tó ń wó èèyàn lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọpọlọ ọmọ ló ń bá jà, ìwé kò ní wọ orí rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ọbẹ̀ àná.

Àwọn kan ti wá ọ̀nà mìíràn. Ní 1989, iléeṣẹ́ Barnes ní Amẹ́ríkà gbé ọta ráífù tó jẹ́ bàbà látòkèdélẹ̀ jáde, kò lójé nínú rárá. Ó ń ya, kì í fọ́. Ilẹ̀ Denmark, ìyẹn ilẹ̀ tí ṣakabùlà wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu òyìnbó, fòfin de kátíríìjì olójé ní 1996, ó sì fòfin de ti ráífù ní 2024. California ti ní kí gbogbo ọdẹ jáwọ́ nínú òjé láti oṣù keje 2019.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni òjé, kó rántí Zamfara. Ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú níbẹ̀ nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí àwọn ará abúlé ń fọ́ láti wá góòlù. Nítòsí ibí, ní Ògíjó tó bá Èkó pààlà, òjé tó ń jáde láti inú iṣẹ́ yíyọ́ bátìrì mọ́tò di ìròyìn ńlá ní 2025. Irú òjé kan náà yẹn ni àwọn ọdẹ kan ń yọ́ ṣe ọta. Ọta tó wà nínú ẹran ìgbẹ́ kéré púpọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò yàn án, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Kí ló wá kan èrè? Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyá olóúnjẹ kan ra àgbọ̀nrín tí ẹran rẹ̀ jẹ́ 20 kílò ní 100,000 náírà. Ó rò pé kílò kan já sí 5,000 náírà. Nígbà tó délé, ó rí i pé ọta wẹ́wẹ́ ló fọ́n ká gbogbo ìhà àti itan kan, ó sì gé kílò márùn-ún sọnù. Kílò 15 ló kù, kílò kan ti di nǹkan bí 6,670. Ká ní ọdẹ kejì ní àgbọ̀nrín tó tóbi tó ti àkọ́kọ́, tí ọta wọlé sọ́rùn rẹ̀ nìkan, tó sì ní 115,000 lòun máa gbà. Ìyá olóúnjẹ máa ní ó ti wọ́n jù. Àmọ́ bó bá gé kílò kan péré sọnù lọ́rùn, kílò 19 ló kù, kílò kan sì jẹ́ nǹkan bí 6,050. Èyí tó dà bí ẹni wọ́n ló pọ́nwó kù. Ẹni tí kò bá gé nǹkan kan sọnù nínú ti àkọ́kọ́ lè ní òun kò pàdánù, ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó gbé àdánù náà jẹ.

Nítorí náà, ojú ọgbẹ́ ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wá. Bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, tó sì wà lórí, lọ́rùn tàbí láyà, itan méjèèjì àti ẹ̀yìn ẹran náà á mọ́. Bí ihò bá pọ̀ kéékèèké káàkiri awọ, kátíríìjì ọta wẹ́wẹ́ nìyẹn, iye tí wọ́n bá pè é gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ dáadáa. Bí ọta bá gba inú ìfun kọjá, omi ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti kan ẹran, tílẹ̀ bá sì ti mọ́ kí wọ́n tó rí i, kéèyàn fi í sílẹ̀ ló dáa. Èyí tí kò bá wá ní ihò ọta kankan, tí kò sì ní àpá tàkúté lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́rùn, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju ti ọta lọ, torí pé àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò pa ẹran. Kò sí iye tó yẹ kí wọ́n fi ra ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bá ń kun ún, gbogbo ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká ló yẹ kí wọ́n gé kúrò, kí wọ́n má ṣe fi omi ṣàn án kọjá sára ìyókù. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan itan kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Síse títí kò sì yanjú ẹ̀, torí òjé kì í jóná nínú ìkòkò; tòmátì àti ohunkóhun tó bá kan tiẹ̀ máa ń jẹ́ kó yọ́ sínú ọbẹ̀ sí i ni. Ajá ilé náà kò gbọ́dọ̀ jẹ èyí tí wọ́n gé dànù.

Ọ̀nà kékeré kan tún wà láti fi mọ irú ọta tí ọdẹ ẹni ń lò. Bí wọ́n bá rí ọta nínú ẹran, kí wọ́n gbé òòfà sún mọ́ ọn. Bí òòfà bá gbé e, irin ni. Bí kò bá gbé e, tó wúwo, tó sì rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè há a lára, òjé ni. Irin wẹ́wẹ́ inú ṣakabùlà, tí ọ̀pọ̀ ń fojú ìdọ̀tí wò, lè kán eyín oníbàárà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ bí òjé.

Ti ọ̀yà ló le jù. Àgbọ̀nrín tóbi débi pé wọ́n lè gé apá kan kí apá kan ṣẹ́ kù. Ọ̀yà tí wọ́n yìn ní kátíríìjì nọ́ńbà 4, ibo lèèyàn fẹ́ẹ́ gé, ibo ló sì fẹ́ẹ́ fi sílẹ̀? Ọta ti dé orí, ó dé itan. Èyí tí tàkúté mú, tí ọdẹ tètè yẹ̀ wò, ló yẹ kí olóúnjẹ tó wà létí ilé ìwòsàn fi owó lé.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo wọn ṣọ́ra fún. Níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, oníṣòwò ẹran ìgbẹ́ máa ń ra kátíríìjì fún ọdẹ ṣáájú, kí ọdẹ wá fi ẹran san án. Ó dà bí ọgbọ́n, torí ẹni tó ra ọta ló yan ọta. Ṣùgbọ́n òfin ìbọn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, kò fi ọta sílẹ̀ fún ẹni tí kò níwèé. Òfin náà to ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, bíi pístù àti ráífù ológun, èyí tí ọlọ́pàá ń fún èèyàn níwèé àṣẹ rẹ̀, bí ìbọn oníkátíríìjì àti ráífù ọdẹ, àti ṣakabùlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Ráífù tó jẹ́ mílímítà 7.62 wà lára èyí tó jẹ́ èèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń pa deer. Òfin kò sì gbà kí aráàlú sọ yàrá ẹ̀yìn ilé di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọta. Ohun tí Huntington ṣe nílé ìfọṣọ bàbá rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló máa fi jẹ tó bá jẹ́ ní Mushin. Olóúnjẹ tí kò níwèé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ tọ́jú kátíríìjì sínú dúrọ́ọ̀ nítorí ọdẹ. Owó ni kó fún un, kó sì sọ iye tóun máa fi kún un bí ẹran bá wá pẹ̀lú ihò kan lọ́rùn. Owó tí wọ́n fi kún un yìí ló máa yí ìṣirò ọdẹ padà lóru, torí ọdẹ tó mọ̀ pé ẹran tó mọ́ ń mówó wá ju ẹran tí ọta fọ́n sí lára lọ máa fi sùúrù sún mọ́ ọn kó tó yìnbọn.

Èyí ṣeé ṣe fún ẹni tó ní ọdẹ kan tàbí méjì tó ń bá a rajà. Ẹni tó ń ra ẹran yíyan tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ lórí igbá lọ́jà kò lè rí ojú ọgbẹ́ mọ́, èéfín ti bo gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń tà á kò sì mọ ọdẹ tó pa á. Àwọn kan ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ọ̀yà nínú àgò. Ọ̀yà bẹ́ẹ̀ kò ní ọta lára rárá, wọ́n sì lè rà á láàyè. Owó rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà wọ́n, àti àwọn oníbàárà tó ń ṣàròyé pé ọ̀rá rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kò lóòórùn igbó.